Jẹ́ńsinmi, Ajá Inú Garage

Iwe adìẹ ló dá ìjà òwúrọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀. Mọ̀nsúrát ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé láti Auburn Bay ní Calgary, Kánádà, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Snow ṣì lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀, kò tíì bọ́ kóòtù, ó ti ṣí fìríìsà. Inú ọkọ̀ ló ti ń ro ọbẹ̀ tó máa sè bọ̀: á din iwe náà, á ju ata rodo díẹ̀ sí i, ìyá ọkọ rẹ̀ á fi jẹ ìrẹsì, òun náà á fi ọwọ́ kan oúnjẹ kó tó sùn. Ó yí àwọn àpò dídì sọ́tùn-ún, ó yí wọn sósì. Ẹ̀fọ́ ló rí. Búrẹ́dì ló rí. Kò rí iwe.

"Bàbá Rodi!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn, kò sì yà á lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí iléeṣẹ́ epo ti ní kí Fàtáì ọkọ rẹ̀ máa lọ sílé, ọkùnrin náà kì í jókòó sí pálọ̀ mọ́. Garage tó wà lẹ́yìn ilé, létí lane tóóró tó gba ẹ̀yìn kọjá, ni ibùjókòó rẹ̀, òun àti ajá. Nígbà tó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, yìnyín ti funfun mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀ bí ìyẹ̀fun.

"Ẹ káàárọ̀. Iwe adìẹ tó wà nínú fìríìsà dà?"

"Mo ti bọ̀ ọ́ fún Jẹ́ńsinmi."

"Ẹ bọ̀ ọ́ fún ajá."

"Oúnjẹ tirẹ̀ ti tán. Ṣé kó máa jẹ afẹ́fẹ́ ni?"

"Ṣé kí Màmá náà wá máa jẹ afẹ́fẹ́?"

"Ẹ má fi orúkọ tèmi jà o," Alhaja Tàíbátù wí láti ìdí tábìlì. Òun ni ìyá Fàtáì. Ìwó ló ti wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà, tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé e yí Calgary ká bí ìyàwó tuntun. "Èmi ò bèèrè iwe lọ́wọ́ ẹnì kankan. Omi tíì ti tó mi."

Ẹni tí omi tíì bá tó kì í sọ ọ́ báyẹn. Mọ̀nsúrát pa fìríìsà dé.

"Jẹ́ńsinmi," ló sọ ní jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ orúkọ náà wò lẹ́nu. "Ta ni kò jẹ́ kí ẹ sinmi?"

"Ajá ni mo ń pè."

"Ajá gbọ́. Èmi náà gbọ́."

Òyìnbó tó ni ajá náà, Duke ló sọ ọ́. Fàtáì ló fún un ní Jẹ́ńsinmi, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń sọ ajá lórúkọ ní Ìwó. Bí bàbá yẹn bá dúró lójúde tó ń pe ajá, aládùúgbò ni ọ̀rọ̀ ń bá wí. Ajá á jẹ́ ẹ, ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí á gbọ́, kò sì sí bó ṣe máa ní wọ́n bú òun. Irú agboolé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti tọ́ Mọ̀nsúrát dàgbà. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti kígbe "Jẹ́ńsinmi" lẹ́yìnkùlé, òun tó ń ṣiṣẹ́ òru, òun tó ń bèèrè pé ìwé tí ẹ kọ síbi iṣẹ́ ọjọ́sí ńkọ́, ó mọ ẹni tí wọ́n ń kígbe mọ́.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan ló dúró síta. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ dúdú, báàjì wà láyà rẹ̀, ọkọ̀ funfun tó ní àwòrán ẹsẹ̀ ajá lára sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko ni òun ti wá. Ẹnì kan ló sọ fún àwọn pé ajá kan ń sun ìta nínú òtútù yìí. Ṣé òun lè rí i?

Mọ̀nsúrát wo báàjì náà. Ìwé tí wọ́n kọ láti di ọmọ Kánádà ṣì wà níwájú ìjọba. Bí ó bá ń kírun, ọ̀rọ̀ ìwé náà ló ń bẹ Ọlọ́run sí. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ti lò ní Calgary, ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ ìjọba kò kan ilẹ̀kùn wọn rí. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ajá lónìí. Kí ló máa tẹ̀lé e?

"Taa nìyẹn?" Alhaja bèèrè.

"Ọlọ́pàá àwọn ẹranko ni, Màmá."

"Ẹranko ní ọlọ́pàá!" Alhaja fi ẹ̀gbẹ́ ìbòrí nu ẹnu. "Ilé ayé."

Fàtáì ló ṣáájú, ọmọbìnrin náà tẹ̀lé e, Mọ̀nsúrát tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí garage, òtútù inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìta, kìkì pé kò sí atẹ́gùn. Ajá náà dìde. Ó tóbi, ó pọ́n rúsúrúsú, ẹnu rẹ̀ ti hewú. Jákẹ́ẹ̀tì ńlá tí iléeṣẹ́ epo fún Fàtáì ló tẹ́ sùn. Omi tó wà nínú abọ́ rẹ̀ ti di òkúta.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka kan etí ajá, ajá sì sunkún díẹ̀. Ó ní òtútù ti ń jẹ etí rẹ̀. Ó fi ojú wọn gígùn ṣéènì tó wà lọ́rùn ajá. Ó gbé abọ́ omi sókè, ó dorí rẹ̀ kodò, nǹkan kan kò dà.

Fàtáì ní, "Mò ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, mò ń pààrọ̀ rẹ̀. Nílé wa, ìta ni ajá ń sùn."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Kò fi ṣe ẹlẹ́yà, ó kàn bèèrè ni: "Ṣé irú òtútù yìí ń mú nílé yín?"

Fàtáì gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ni ajá yìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi. Wayne. Ibi iṣẹ́ kan náà la jọ wà. Ó ní kí n bá òun mú un dání."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀ wá mú un?"

Fàtáì yíjú sí Mọ̀nsúrát. Mọ̀nsúrát wo ilẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá sọ ọ́ yékéyéké, pẹ̀lú ohùn tútù bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Òun ń padà bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹni tó ni ajá bá ń bọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun bá a sọ̀rọ̀. Bí wọn bá fẹ́ sọ ọ́ di tiwọn, inú ilé tó móoru ló gbọdọ̀ sùn lálẹ́ òní. Bí kò bá sí èyí tó ṣeé ṣe nínú méjèèjì, òun máa mú un lọ. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Ó lọ.

"Ta ló lọ pè wọ́n?" Alhaja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. "Obìnrin ọ̀kánkán yẹn ni. Èyí tó ń yọjú lójú fèrèsé bí ọmọ ẹyẹ."

"Ẹni yòówù kó jẹ́, Màmá." Mọ̀nsúrát kò tíì bọ́ kóòtù. "Bàbá Rodi, ẹ pe Wayne."

"Mi ò lè pè é."

"Kí ló dé?"

"Kí n wí fún un pé kí ni? Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ níbi iṣẹ́, tó ta àga ilé rẹ̀ kó tó kó ọmọ padà sílé ìyá rẹ̀ létí òkun lọ́hùn-ún? Kí n ní, 'Wá gbé ẹrù rẹ kúrò lọ́rùn mi'? Ohun ìfisọ́wọ́ ni, Mọ̀nsúrá. Àmáànà ni. Ó fi okùn ajá lé mi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀. Mo fi ọwọ́ lé àyà. A kì í dúró ti ẹni tó ṣubú ká máa bi í pé ìgbà wo ló máa dìde."

"Ẹ ò pè é rí? Láti ìgbà tó ti lọ?"

"Mo kí i nígbà Kérésì. Mo bèèrè àwọn ọmọ."

"Ẹ ò bèèrè ajá."

"Bí mo bá bèèrè ajá, á rò pé mo ń lé e ni."

Alhaja mi orí. Ọmọ òun ni. Bí òun náà ṣe máa ṣe é nìyẹn. Mọ̀nsúrát rí i bó ṣe mi orí yẹn, inú sì bí i jù tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ló wí. "Ó dáa. Kí ajá wọlé. Basement abẹ́ ilé móoru."

"Basement wo?" Alhaja gbé ife sílẹ̀. "Ṣé basement tí mo ń sùn? Tí mò ń kírun? Ìyàwó mi, o mọ̀ pé máláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ẹ jẹ́ n mọ̀ bóyá mo ti dàgbà jù. Èmi ni wọ́n ń lé ni, àbí ajá?"

Fàtáì wọ ìbọ̀wọ́ padà, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Mọ̀nsúrát gun àkàsọ̀ lọ sí yàrá láti sùn, oorun kọ̀ ọ́. Fóònù ló dún. Bísọ́lá ni, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àdúgbò Mahogany ló ń gbé.

"Mọ̀nsú, o ò tíì sùn? Ohùn rẹ ti yàtọ̀."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Bísọ́lá rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.

"Ajá! Nítorí ajá, oníbáàjì wọlé yín! Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà ti ń sin ajá?"

"Bísọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín."

"Má bínú, jàre." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Gbọ́, ní street tiwa níbí, ilé mẹ́ta ló ti dákẹ́. Wọ́n á kàn fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì ìdáná, wọ́n á wakọ̀ lọ, báǹkì á wá gba ilé. Àwọn kan fi ológbò wọn sílẹ̀ sí basement. A kàn ń gbọ́ igbe rẹ̀."

"Ó wá ńkọ́?"

"A ò gbọ́ ọ mọ́. Ìwọ gbọ́ tèmi. Má jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀ níbì kankan. Gbé e sínú ọkọ̀, wa ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ títì ńlá Stoney Trail, ṣílẹ̀kùn. Ajá ni, ó mọ̀nà. Ẹlòmíì á he é. Bó o bá dé, kó o ní ó ja ṣéènì."

Mọ̀nsúrát lọ sójú fèrèsé, ó wo garage.

"Mọ̀nsú? O ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀. Fàtáì ti padà wọlé, ó sùn lọ lórí àga pálọ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, oorun ẹni tí kì í sùn lóru. Mọ̀nsúrát mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lára ìkọ́. Ó fi ìka dì í mú kó má baà ró. Ó gba ẹ̀yìn jáde, snow ń ké lábẹ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú, ó sì ṣí garage.

Ajá gbórí sókè. Kò gbó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó di kọ́kọ́rọ́ mú, ó wo ojú rẹ̀, ó wá sún díẹ̀ lórí jákẹ́ẹ̀tì, ó fi ààyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Báyìí ni ẹni tó ti mọ́ lára láti ní àlejò máa ń ṣe. Garawa kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tímùtímù pálọ̀ wà lórí rẹ̀. Mọ̀nsúrát ti wá tímùtímù yẹn tì. Ó dúró. Ó ní kí òun tú ṣéènì, ọwọ́ rẹ̀ kò lọ síbẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti jókòó. Ooru ara ajá kàn án lẹ́sẹ̀, kò sì yẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà títí tó fi gbọ́ ohùn àwọn ọmọ iléèwé ní lane.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni Rodiyat. Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá, àpò ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ń jáde láti garage, kò kí i, ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́nu rẹ̀.

"Did they come?"

Ẹsẹ̀ Mọ̀nsúrát dúró. "Àwọn ta ni?"

"The animal people."

Bí wọ́n ṣe ń wọlé, Fàtáì ti jí. Ó gbọ́. Ó dìde dúró láàárín pálọ̀ bí igi.

"Ìwọ ni," ló wí. Kò gbé e kalẹ̀ bí ìbéèrè.

Ọmọ náà wo bàtà rẹ̀. Snow ń yọ́ lára rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ń ti Gẹ̀ẹ́sì: obìnrin kan wá sí kíláàsì wọn láti kọ́ wọn nípa ìtọ́jú ẹranko; ó mú ajá dání, ajá tí gbogbo wọn fọwọ́ pa lórí. Ó bi wọ́n pé ta ló ní ẹran ọ̀sìn nílé. "Everybody put their hand up. So I put my hand up." Lẹ́yìn kíláàsì ló wá lọ bá obìnrin náà. "I told her his water is ice."

"Kí ló ń wí?" Alhaja bèèrè.

Mọ̀nsúrát túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Háà! Ọmọ tí a bí ló lọ fẹjọ́ bàbá sùn!" Alhaja fi ọwọ́ lérí. "Rodiyat, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, inú ilé ló ń kú sí. Ṣé ọ̀nà iléèwé ni wọ́n ní kó o máa gbé e gbà?"

"They said tell a grown-up you trust."

"Èmi ńkọ́?" Fàtáì ní. "Èmi kì í ṣe àgbà? O ò lè sọ ọ́ fún mi?"

"I did tell you, Daddy. Mo sọ fún yín. You said ajá ni."

Ọwọ́ Fàtáì gbéra. Mọ̀nsúrát rí i, ó sún mọ́ ọmọ. Ọwọ́ náà dúró lójú afẹ́fẹ́, ó tún bọ́ sílẹ̀.

"Kí lo tún sọ fún un?"

"Nothing."

"Rodiyat."

"I said you sit there with him. In the dark. I said you cry." Ọmọ náà fi apá aṣọ nu imú. "She said I was brave."

Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ń kùn lábẹ́ ilẹ̀.

"Kí ló wí?" Alhaja wo ẹnu ìyàwó rẹ̀. "Mọ̀nsúrá, túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kí lọmọ wí?"

Mọ̀nsúrát kò túmọ̀ èyí. Ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò wò ó. Ọkùnrin náà yí padà, kò mú kóòtù, kò wọ ìbọ̀wọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Oṣù mélòó ló ti rò pé ọkọ òun ń sá fún òun ni? Gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ "Jẹ́ńsinmi" láti lane, ló ń fi ìbínú gbé ìkòkò kaná. Ó fà àga kan, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì, ó wá orúkọ Wayne, ó pè é, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta.

Wayne gbé e kíá. Ó gbọ́ pé ìyàwó Fàtáì ni. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé ó ti kú ni?"

"Ajá kò kú," Mọ̀nsúrát ní. "Wọ́n fẹ́ mú un lọ lónìí. Ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀ wá mú un?"

Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí. Ó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, bí ẹni tó jáde kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìgbà náà ni Wayne wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Yàrá kan ni gbogbo wọn jọ ń gbé nílé ìyá òun. Òun kò ní padà wá. Láti ọjọ́ tí òun ti fi okùn ajá lé Fàtáì lọ́wọ́ ni òun ti mọ̀. Òun mú un lọ sí ibi tí wọ́n ń gba ajá, wọ́n ní ó kún, wọ́n ní kí òun dúró, òun kò sì ní àkókò láti dúró. Ajá arúgbó, ta ló máa gbà á? Òun sọ fún àwọn ọmọ òun pé oko kan ni ajá wà.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ọkọ mi?"

"Kò bèèrè," Wayne ní. "Kò bèèrè, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó pè mí, ó bèèrè àwọn ọmọ, kò dárúkọ Duke. Mo rò pé ó ti yé e. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é ni kò ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́."

Mọ̀nsúrát ní èébú púpọ̀ lẹ́nu, èyí tó dùn jù lọ sì jẹ́ ti Yorùbá. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. "Ó ń ṣọ́ ọ dè yín," ló wí. Ó pa fóònù.

Nígbà tó gbójú sókè, Fàtáì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ti gbọ́. Ojú tó wà lórí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Mọ̀nsúrát rí i rí, lọ́jọ́ tó gbé páálí ìwé àti ife tíì rẹ̀ wọlé láti ọ́fíìsì ní ọ̀sán gangan, tó ní, "Wọ́n ní àwọn máa pè mí."

Alhaja ń yí tẹ̀sùbáà.

Oòrùn ti ń lọ nígbà tí ọkọ̀ funfun náà padà dé. Ọmọbìnrin náà mú okùn aláwọ̀ búlúù dání. Fàtáì fúnra rẹ̀ ló lọ tú ajá, ó mú un wá sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó dúró síta pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá mú un. Ó na okùn ajá síwájú.

"You'll find him a family, right?" Rodiyat bèèrè láti abẹ́ apá ìyá rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wo ẹnu ajá tó ti hewú. Ó ní àwọn máa gbìyànjú.

"But in class she said every animal…"

"A máa gbìyànjú," ló tún wí. Ó ní èyí tí wọ́n kó wá fún àwọn ní òtútù ọdún yìí pọ̀, kò sí ibi tí àwọn ń kó wọn sí mọ́. Kò wo ojú ọmọ náà nígbà tó ń sọ ọ́. Ó na ọwọ́ láti gba okùn.

"Má gbà á," Mọ̀nsúrát ní.

Gbogbo wọn wò ó. Ó ti wọ kóòtù láti àárọ̀, kò bọ́ ọ, bí ẹni tó kàn yà kí ará ilé.

"Tiwa ni. Kọ orúkọ mi sílẹ̀. Orúkọ tèmi, èmi ni mò ń ṣiṣẹ́." Ó sọ èyí, ó gbọ́ bó ṣe dún létí ọkọ rẹ̀, ó sì tètè bá a tún un ṣe: "Òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nípa òtútù ni."

"Mọ̀nsúrá," Fàtáì ní.

"Ẹ má pè mí."

Ọmọbìnrin náà bèèrè ibi tí ajá máa sùn lálẹ́ yìí. Ojú Fàtáì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ti Mọ̀nsúrát lọ síbẹ̀, ti Rodiyat náà lọ síbẹ̀.

"Kí ló ń bi yín tí gbogbo yín ń wò mí bí ẹni tó jẹ gbèsè?"

Wọ́n sọ fún un. Alhaja yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí ó fi kan ìdí. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró nínú snow láìwọ kóòtù, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú irun ọrùn ajá, ọwọ́ òsì, bí ẹni tó di nǹkan mú kó má baà ṣubú. Ó wò ó pẹ́.

"Àlàó," ló pè é, oríkì rẹ̀ nìyẹn, kò pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti dé Kánádà. "Lọ bá mi kó ẹní ìkírun mi àti kẹ́tù àlùwàlá mi lọ sókè. Yàrá Rodiyat ni màá máa sùn. Ajá tó ń ṣọ́ nǹkan, wọn ò kà á léèwọ̀." Ó gbé ìka sókè. "Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ bá kan abọ́ mi, ẹ̀ẹ̀meje lẹ máa fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ lẹ máa fi fọ̀ ọ́. Ẹ sì máa lọ wa yẹ̀pẹ̀ náà lábẹ́ snow!"

Ọmọbìnrin náà bèèrè ohun tí ìyá àgbà wí. Rodiyat ní, "She said yes."

Ìrẹsì àti ata lásán ni wọ́n jẹ lálẹ́ yẹn. Wọ́n ń gbọ́ bí èékánná ajá ṣe ń ró lórí ilẹ̀ basement, ó ń rìn kiri, kò tíì mọ ibi tó máa dùbúlẹ̀ sí. Fàtáì kò tíì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ látìgbà tó ti sọ ohun tó sọ. Ọmọ náà ń fi ṣíbí to ìrẹsì jọ, kò jẹ ẹ́.

"Rodiyat."

"Sir."

"Kí ni wọ́n kọ́ yín gan-an?"

Ó wo ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ̀ dá a dúró. "Ní Yorùbá. Kí màmá mi lè gbọ́."

"Wọ́n ní… wọ́n ní ẹranko, ebi ò gbọdọ̀ pa á. Òùngbẹ náà. Òtútù ò gbọdọ̀ mú un." Ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni ń wá bàtà nínú òkùnkùn. "Tó bá ń ṣàìsàn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dẹ́rù bà á."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Alhaja ní. Ó ti ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó ku one. I don't know how to say it."

"Sọ ọ́ bó ṣe wá," Fàtáì ní.

"Ẹ jẹ́ kó ṣe… nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nǹkan tí Ọlọ́run dá a fún. Tí kò bá rí i ṣe, kódà tó bá ń jẹun, inú rẹ̀ ò ní dùn. Á kàn jókòó sójú kan. Á máa wo ilẹ̀."

Ṣíbí Fàtáì dúró láàárín abọ́ àti ẹnu. Alhaja kò mi orí mọ́. Ọmọ náà wo bàbá, ó wo ìyá àgbà, ẹ̀rù bà á pé òun tún ti sọ ohun tí kò yẹ.

Mọ̀nsúrát dìde. Ó yí abọ́ tirẹ̀, ó da ìrẹsì tó kù níbẹ̀ sínú ti ọkọ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ dáadáa.

"Ẹ jẹun," ló wí fún un.

Lẹ́yìn náà ló so bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ dé ọrùn, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́ òru.